Ohun Tí Fẹ́yìsayọ̀ Rí Lójú Kọ̀ǹpútà Akínwọlé

Ọmọ àgbẹ̀ oníkòkó ni Fẹ́yìsayọ̀ Afọlábí, ọmọ bíbí Odigbo. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta epo pupa ní Ore ló gbà á pé kó máa bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà wọn. Ọ̀kadà ló ń gbé e lọ láàárọ̀, ọ̀kadà náà ló ń gbé e bọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni ní gbólóhùn asọ̀ rí, títí di ọjọ́ tí ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, pè é sí yàrá, tó sì ti ilẹ̀kùn.

"Fẹ́yì, mo ti ní kí wọ́n fi nǹkan kan sínú gbogbo kọ̀ǹpútà wa. Ohun tí kálukú bá ń ṣe lórí tirẹ̀, wàá máa rí i lórí tìẹ. Ẹni tó bá ń fiṣẹ́ ṣeré, sọ fún mi. Má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ o."

"Ó dáa, sà."

Kò kọ́kọ́ rí nǹkan bàbàrà. Ẹnì kan ń wo bọ́ọ̀lù, ẹnì kan ń wo bàtà. Akínwọlé ló yà á lẹ́nu. Òun ló ń kọ epo tó wọlé àti èyí tó jáde, aláwàdà ni. Bó bá ti yọjú báyìí, ẹ̀rín á ti sọ. Àmọ́ bí kò bá ti sẹ́ni nítòsí rẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń tẹ̀: ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò tíì sọ̀rọ̀, ṣé yóò sọ̀rọ̀? Á kà á, á pa á rẹ́, á tún padà wá tẹ̀ ẹ́.

Fẹ́yìsayọ̀ kò sọ fún ọ̀gá. Àánú ọkùnrin náà ń ṣe é, àánú yẹn ló sì tú àṣírí Fẹ́yìsayọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n jọ ń jẹ púpurú lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló bá ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má fòyà o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ní báyìí, a ò rí i pa lẹ́nu mọ́."

Ọwọ́ Akínwọlé dúró sínú ọbẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ mi ò sọ̀rọ̀? Ìyá mi tó wà ní Araromi-Obu gan-an, mi ò tíì sọ fún un."

Fẹ́yìsayọ̀ wá irọ́ tì. Ó jẹ́wọ́. Akínwọlé kò pariwo. Ó dé abọ́ rẹ̀, ó dìde, ó lọ fọwọ́. Ì bá kúkú bú u.

Kí wọ́n tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, Fẹ́yìsayọ̀ tọ ọ̀gá lọ.

"Sà, mi ò lè ṣe é mọ́. Ilé-iṣẹ́ ló ni kọ̀ǹpútà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a ó bá máa wo èèyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé à ń wò wọ́n."

"Bí wọ́n bá mọ̀, ṣé wọ́n á tún fiṣẹ́ ṣeré kí n lè mú wọn?"

"Wọn ò ní ṣeré, sà. Ṣebí ohun tí ẹ ń fẹ́ náà nìyẹn."

 Inú ọ̀gá kò dùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kó gbogbo wọn jọ, ó là á yé wọn pé wọ́n ń wo ohun tí kálukú ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan kùn, wọ́n pe Fẹ́yìsayọ̀ ní amí. Ó mú un mọ́ra.

Akínwọlé ń dá a lóhùn bó bá kí i, ṣùgbọ́n kò tún bá a jẹun mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹnu àwọn ẹlòmíì ni Fẹ́yìsayọ̀ ti gbọ́ pé Akínwọlé ti ń gbé ọmọ náà lọ rí dókítà ní Àkúrẹ́, àti pé ọmọ ti ń fẹnu ara rẹ̀ bèèrè omi. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Kò bi Akínwọlé léèrè.