Ọjọ́ tí Wọ́n Pe Màmá Mi ní Parallelogram

Ní Ẹdẹ, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹni tó bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun kàwé, gírámà ní í yìn bí ìbọn. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì lásán o. Gẹ̀ẹ́sì lásán ò níyì. Ọ̀rọ̀ tó gùn, tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, yóò ti dé ìdí pẹpẹ kó tó parí, ìyẹn là ń pàtẹ́wọ́ fún. Lọ́jọ́ ìkórè, bí akọ̀wé kóòtù bá dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ, àwọn ìyá tí kò gbọ́ ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kan a máa mi orí, wọn a ní, "Èyí gùn! Ọmọ náà mọ̀wé!" Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀. Ta ní í béèrè ìtumọ̀ ìbọn?

Èmi náà ń pàtẹ́wọ́ ní tèmi, títí ọjọ́ tí ìbọn fi ba Màmá mi.

Ìyá Ìsàlẹ̀ là ń pe obìnrin tó ń gbé ilé tó tẹ̀lé tiwa níhà odò. Àwọn àti Màmá mi jọ ń ṣe gààrí ni. Màmá mi ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, Ìyá Ìsàlẹ̀ ń yan án nínú agbada kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì dáwó rà. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé wọn níyàwó wá sí àdúgbò wa. "Ẹnìkejì mi" ni wọ́n ń pe ara wọn, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Ìyá Ìsàlẹ̀ kì í ṣe ẹbí wa rárá.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, gààrí jóná. Màmá mi ní Ìyá Ìsàlẹ̀ ló ń tòògbé nídìí agbada. Ìyá Ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gẹ́ ni Màmá mi ò fún gbẹ. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Màmá mi, tí Ọlọ́run fi ẹnu jíǹkí, bú orí Ìyá Ìsàlẹ̀, wọ́n bú imú ọkọ Ìyá Ìsàlẹ̀, wọ́n wá fi èébú ọbẹ̀ ilé wọn ṣe àṣekágbá. Ìyá Ìsàlẹ̀ na ìka sí wọn.

"Ìwọ... ìwọ parallelogram yìí!"

Tíṣà kan ló ti gbé yàrá nílé Ìyá Ìsàlẹ̀ rí, tó máa ń ké iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ sókè láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ìyá Ìsàlẹ̀ ti rí ọ̀rọ̀ náà he.

"Kí lo pè mí?" Màmá mi béèrè.

"Ohun tí o jẹ́ ni mo pè ọ́," ni Ìyá Ìsàlẹ̀ wí, wọ́n sì wọlé lọ.

Wàhálà dé. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní olórí ńlá, o mọ bí yóò ti dùn ọ́ tó. Èyí ńkọ́? Màmá mi ò mọ̀ bóyá kí wọ́n sunkún ni o, kí wọ́n jà ni o, tàbí kí wọ́n kàn pòṣé kí wọ́n máa lọ.

Ẹjọ́ dé iwájú Baálé, àgbà tó ń parí ìjà àdúgbò wa. Baba bi Ìyá Ìsàlẹ̀ léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Ìsàlẹ̀ ní ìtumọ̀ rẹ̀ ń bẹ lára ẹni tí àwọn sọ ọ́ sí. Baálé họ orí.

"Èébú orí ní ìtanràn tirẹ̀," ni Baba wí. "Èébú ìyá ẹni ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí, n kò mọ bó ti wúwo tó. Ẹ lọ wá ìtumọ̀ rẹ̀ wá fún mi. Títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan agbada."

Bí agbada wa ṣe di ará àtìmọ́lé nìyẹn, wọ́n fi ti ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálé, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan ní kí Màmá mi ṣáà dárí jì í. Màmá mi ní, "Báwo ni n ó ṣe dárí ohun tí n kò mọ̀ jì? Bó bá wá tóbi ju àforíjì mi lọ ńkọ́?"

Ni wọ́n bá mú mi dání, a ń wá ìtumọ̀ kiri. Wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà kó má baà bọ́ sọnù, wọn ò sì kí ẹnikẹ́ni, nítorí ẹnu wọn ti kún.

Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ìjọ la kọ́kọ́ dé. Ó dijú pẹ́ títí. Ó ní ó wà nínú ìwé Léfítíkù, lára àwọn ẹran tí a kò gbọdọ̀ jẹ.

"Ṣé ó níwo?" Màmá mi béèrè.

"Díẹ̀," olùkọ́ ìjọ dáhùn.

Akọ̀wé tó wà ní ilé ọkọ̀ ojú irin ní irú ẹrù kan ni, tí wọn kì í gbà wọ kíláàsì kẹta. Dísípẹ́ńsà tó ń pín oògùn ní àrùn ni, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, ó sì ti ń se abẹ́rẹ́ kí a tó sá jáde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹnu rẹ̀ gbà láti sọ pé, "N kò mọ̀." Inú bí mi nígbà náà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ó wúwo lẹ́nu wọn ju gbogbo gírámà ayé lọ!

Lọ́jọ́ kan, mo bá Màmá mi lẹ́yìn ilé, wọ́n jókòó ti ẹ̀gẹ́ tó ti ń rà, wọ́n ń sunkún. Mo ní kí wọ́n má dá ara wọn lóró nítorí gààrí.

"Ta ló ń sọ ti gààrí?" ni wọ́n wí. "Ta ni n ó tún máa pè ní ẹnìkejì mi?"

Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo wọ ilé ìwé Modern nígbà náà ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, tíṣà ìṣirò wa ya nǹkan kan sójú pátákó, ó yíjú sí wa, ó ní ohun tí à ń pè ní parallelogram nìyẹn.

Mo fò dìde. "Màmá mi nìyẹn!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kí n jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ṣé ó níwo?"

Ẹgba ni ìdáhùn tí mo gbà. N kò mọ̀ ọ́n lára. Bí agogo ti lù, eré ni mo sá délé.

Baálé pe gbogbo wọn jọ. Mo fi igi ya àwòrán náà sórí iyanrìn, mo ṣàlàyé pé ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ló ní, pé àwọn tó kọjú síra wọn gùn dọ́gba, wọ́n sì jọ ń lọ láì pàdé. Baba wò ó títí, wọ́n yípo lọ wò ó láti òdìkejì.

"Ó dà bí ẹní tí ajá fà," ni Baba wí.

"Kò níwo?" Màmá mi béèrè. "Kì í ṣe àrùn?"

"Àwòrán ni, Màmá. Àwòrán lásán."

"Àwòrán!" Màmá mi lọgun. "Gbogbo ẹkún mi!"

Baálé kọjú sí Ìyá Ìsàlẹ̀. "Gbogbo èébú tó wà nínú èdè Yorùbá, o ò rí ọ̀kan mú? Ṣé o yadi ni?"

Ìyá Ìsàlẹ̀ kúnlẹ̀. Wọn ò wo Baálé, Màmá mi ni wọ́n ń wò.

"Mo rí i, Baba. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí èmi àti òun jọ sin ni. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ jáde, ó tán láàárín wa. Mo gbé e mì, mo sì fi ti tíṣà dípò."

Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹni méjì ti wà ṣáájú mi. Màmá mi dìde, ojú wọn kún fún omi, wọ́n di Ìyá Ìsàlẹ̀ lápá mú, wọ́n fà wọ́n dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹnìkejì mi," ni wọ́n wí, "bí inú bá tún bí ọ sí mi, jọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni kó o máa sọ."