Ọba Tó Kú Tó Ń Họ Imú

Kí-Lo-Rí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe tíṣà wọn lẹ́yìn. Ó mọ̀. Ogún ọdún ló ti ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé. Àgbéyẹ̀wò eré tí wọ́n bá fojú ara wọn wò ni ìdánwò rẹ̀, ìbéèrè kan náà ló sì fi ń pàdé ẹni tó bá ti ilé eré dé: "Kí lo rí?" Kì í ṣe "Ṣé o gbádùn ẹ̀?" Kí ojú kọ́kọ́ jẹ́rìí, kí ẹnu tó dájọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dá ìwé ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Káfíńtà padà fún un. Kò sí máàkì.

"O ní eré náà dùn bí oyin. Oyin wo? Orí ìtàgé ni àbí inú ìgò?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí lọ́dún tó kọjá. Bàbá rẹ̀ ti ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ayùn lòun máa gbé lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ó sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọkọ yín ló ṣe ọba nínú eré náà."

"Nílé ló ti ń jẹ́ ọkọ mi. Kí lo rí?"

"Ó kú, mà. Ó wá họ imú."

"Lẹ́yìn tó kú?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Tíṣà yíjú sí fèrèsé. Èjìká rẹ̀ ń mì. "Lọ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ojú ewé méjì. Aṣọ ọba tó ń wọ́ nílẹ̀. Ohùn tó dé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Òǹwòran obìnrin kan tó ń sunkún lórí ìjókòó iwájú. Àti imú. "Ibẹ̀ ni ẹkún obìnrin náà ti di ẹ̀rín." Méjìdínlógún nínú ogún.

Tíṣà gbé e délé. Ọkọ rẹ̀, télọ̀ tí kò gbà rí pé òun gé aṣọ kù, kà á lórí ìdúró. Ó tún un kà.

"Ìwọ lo rán an!"

"Olówó orí mi, èmi kọ́ ni mo ni imú."

Ọkọ gbé ìwé sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó nà gbalaja sáàárín pálọ̀. "Ó yá, máa ka ení, èjì. Àádọ́rùn-ún ni òkú mi ń lò lórí ìtàgé; mi ò ní mira."

Àbíkẹ́yìn wọn yọjú. "Mọ́mì, kí ló ṣe Dádì?"

"Ọba wàjà. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ kà dé ogójì. Òkú la ojú kan. "Sọ fún ọmọ yẹn kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Iwájú ni kó jókòó."

"Òkú kì í sọ̀rọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.