Bẹ́líìtì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ̀yìn Tì

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ gbọ́. Píkọ́ọ̀pù mi ló rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà Ajue, ti òun ti kòkó ìyá wa. Kòkó gbígbẹ ni o, tó ń ró ṣaworo nínú àpò. Òjò ń ṣú bọ̀, tapólì tí a fi bò ó sì ti ya. Bí òjò bá bá a níbẹ̀, làálàá ọdún kan ìyá wa bà jẹ́ nìyẹn.

Awakọ̀ gẹdú kan dúró. Ó ní òun á fà wá, àmọ́ okùn òun ti já.

"Ẹ má mú ṣéènì wá o! Bí mo bá fi ṣéènì já mọ́tò yín gbà, iwájú rẹ̀ nìkan ni yóò tẹ̀ lé mi. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń fa mọ́tò ni kí ẹ lọ rà wá."

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá gun ọ̀kadà, ó di Orè. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọ̀pẹ ló ń gùn láti kékeré. Kò sì sí agunpẹ tí í fi igbà tuntun gòkè láìkọ́kọ́ fẹ̀yìn tì í nísàlẹ̀.

Ọlọ́jà kan tó ń ta ohun èlò mọ́tò fa bẹ́líìtì pupa kan yọ, ó ń dán gbinrin. "Èyí ò lè já láéláé!"

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó gbé e yí òpó iná ká, ó so ó mọ́ ìdí, ó fẹsẹ̀ ti òpó, ó sì fẹ̀yìn tì í. Ọjà dúró, ẹ̀rín ta.

"Bàbá, kò sí ẹyìn lórí òpó yẹn o!" ni ọmọkùnrin kan ké.

"Ọmọ mi, ẹrẹ̀ tí mo fẹ́ gùn ga ju òpó rẹ lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi tún fẹ̀yìn tì í. Pàù! Òwú ojú rírán ń tú.

Ọlọ́jà fa òmíràn jáde, eléérú, tó fẹ̀, tí wọ́n ti rán etí rẹ̀ ní àrántúnrán. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì í: ó nà díẹ̀, ó sì rọra fà á padà. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra, mo kó wọ inú rẹ̀!

"Èyí mọ èèyàn gbé," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Òjò ti ń kán tó tó nígbà tí a dé. A so bẹ́líìtì mọ́ mọ́tò méjèèjì, ọkọ̀ gẹdú rọra ṣí, bẹ́líìtì nà, ó nà. Lójijì, píkọ́ọ̀pù yọ jáde bí eyín ọmọdé! A hó yèè!

Mo sáré wa mọ́tò dé Òdìgbó, mo wà á wọ abẹ́ páànù ilé àdúrà, òjò sì já lulẹ̀ lẹ́yìn wa. Ìyá wa, tó ti ń dúró dè wá níbẹ̀, kò tilẹ̀ kí wa. Ó gbọn àpò kan.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ṣì ń ró!"