Ohun Tí Kò Lè Dúró Di Ọ̀la

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Afo, ògiri kan péré ló sì wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ wa àti ibùdó ìlera. Láti ojú fèrèsé kíláàsì mi ni mo ti mọ Nọ́ọ̀sì Agatha.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n bí i sí, ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, àwọn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé ìkejì lọ síbòmíràn, ó wá ku òun nìkan. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń gbẹ̀bí, òun náà ló ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Rẹ́jísítà méje ló ń kọ, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló sì ń gbé ìròyìn lọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Ifon. Ó tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin. Bó bá di Sátidé, á sáré lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tí rọpá-rọsẹ̀ ń bá jà. Bí mo bá kí i láàárọ̀, á dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ á ti wà níbòmíràn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́yẹlé gbé ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, wá láti oko. Èèyàn mọ́kànlá ló bá lórí ìjókòó. Ìròyìn tó gbọ́dọ̀ dé Ifon lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Nọ́ọ̀sì Agatha ń kọ. Kò gbójú sókè.

"Ẹ jókòó, màmá. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

Ọmọ́yẹlé jókòó. Kì í ṣe ẹni tí í pariwo. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ti ń gan."

Mo gbọ́ tí àga ṣubú. Kí n tó débẹ̀, Nọ́ọ̀sì Agatha ti fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ọmọ náà sórí ẹní, ó ti bọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì ti fi oògùn ibà sí i nídìí. Gìrì náà dáwọ́ dúró. Ó ní kí n lọ wá ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé ọmọ náà mọ́ra títí dé ọsibítù ní Ifon. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ náà padà wálé, ara rẹ̀ ti dá.

Gbogbo Afo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun nìkan ni kò gbà.

"Tíṣà, obìnrin yẹn jókòó níwájú mi fún nǹkan bíi wákàtí kan," ló sọ fún mi. "Ìwé ni mò ń wò."

Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, ó lọ sílé Bàbá Boniface ní Ọ̀wọ̀, òṣìṣẹ́ ìlera tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ọ níṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn bó ṣe lọ fún mi. Ó bá bàbá níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun sọ fún àwọn ọ̀gá kí wọ́n gbé òun kúrò ní Afo, nítorí iṣẹ́ náà ti ju agbára òun lọ.

"Ka gbogbo ohun tí ò ń ṣe fún mi," ni bàbá wí.

Ó kà á títí. Bàbá ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

"Èwo ni yóò bàjẹ́ bó bá di ọ̀la? Rẹ́jísítà ńkọ́?"

"Kò ní bàjẹ́, sà."

"Ìròyìn Ifon?"

"Wọ́n á bínú, sà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá wọ́n á bínú."

Bàbá dárúkọ ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná, aboyún tó ń rọbí, àti fíríìjì tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí kò lè dúró. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni Agatha ti bú sẹ́kún, nítorí ó rántí pé láti oṣù mélòó kan, aṣọ ìyá òun lòun ń fọ̀, òun kò jókòó tì í rí.

Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bó bá ti dé, kì í jókòó. Á kọ́kọ́ fọwọ́ kan iwájú orí gbogbo ọmọ tó wà lórí ìjókòó, á sì mú ẹni tí ara rẹ̀ gbóná jù wọlé. Aago méjì ọ̀sán ló tó ń ṣí rẹ́jísítà. Ó kọ̀wé sí Ifon pé ọjọ́ Ẹtì ni ìròyìn òun yóò máa dé. Ọ̀gá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn lórí fóònù, ó tún kọ kúìrì sí i. Ó fi ọ̀wọ̀ dáhùn, kò sì yí ọ̀rọ̀ padà. Lẹ́yìn oṣù méjì, ọ̀gá náà wá fúnra rẹ̀, ó jókòó láàárín àwọn aláìsàn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó dìde, ó ní ọjọ́ Ẹtì dára, ó sì rán òṣìṣẹ́ kan, Hamidat, kó máa wá bá a kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ó fi ipò olórí akọrin sílẹ̀ fún Jemimah, tí wọ́n jọ ń kọrin. Àwọn kan ní ìgbéraga ló dé sí i. Ó jókòó sẹ́yìn, ó ń kọrin rẹ̀.

Mo bá a lọ sí Ọ̀wọ̀ ní Sátidé tó kọjá. Ẹlòmíràn ló ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Agatha ń ya irun ìyá rẹ̀, màmá sì ń sọ bí wọ́n ṣe máa ń sùn sí oko ní Upenmen nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Fóònù dún. Agatha wò ó, ó rí i pé kì í ṣe láti Afo ni wọ́n ti pè, ó gbé e sílẹ̀.

"Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, màmá," ló wí.