Ibi tí Ìyá Kùdírátù ti Ń Ṣàdúrà

Ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, mi ò sì ní fi bò. Mùhyídéènì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin ni, fídíò olórin ló ń yà ní Minanata níbí, lókè Ọya, láti ọdún mọ́kànlá. Iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Ó lè dúró fún wákàtí kan gbáko kí oòrùn tó bọ́ síbi tó fẹ́, kí olórin máa làágùn, kí èmi máa bínú. Bí mo bá ráhùn, á ní, “Husseinat, iṣẹ́ ọnà ni, kì í ṣe ọjà.”

Kùdírátù, ọmọ ìlú wa tó ń kọrin wákà, gbé orin tó kọ fún ìyá rẹ̀ wá bá a. Ara màmá ò yá, ọ̀dọ̀ Kùdírátù ní àdúgbò Kofar Doya ni wọ́n wà. Mùhyídéènì ní kí wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà fún màmá láàárọ̀, kí màmá ṣàdúrà fún ọmọ wọn. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí orin, àfi ojú màmá àti ohùn wọn. Nígbà tó fi fídíò náà hàn mí nílé, mo sunkún. Èmi tí ẹnu mi mú bí abẹ!

Alhaji Sàídù, oníṣòwò ìrẹsì ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ibí, ló gbówó iṣẹ́ náà kalẹ̀. Ẹ sáà mọ àṣà wa: ẹni tó bá gbówó kalẹ̀, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ hàn, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ á máa kọjá nísàlẹ̀. Alhaji wò ó tán, ó ní, “Haba! Ṣọ́ọ̀bù mi dà? Ta ló fẹ́ wo arúgbó tó ń ṣàdúrà?” Ó ní ibi àdúrà yẹn gan-an ni kí ìrẹsì òun wà, torí ibẹ̀ ló dákẹ́ jù, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn á ti tẹjú mọ́ ọn.

Ọkọ mi kọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbà. Ó fi àwòrán àpò ìrẹsì bo màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà dé òpin, ohùn wọn nìkan ló fi sílẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èyí tó dùn mí ni pé mo sọ fún un: “Bàbá Nabilah, ẹ tọ́jú ti àkọ́kọ́ o.” Ó gba etí kan wọlé, ó gba ìkejì jáde. Ìgbéyàwó kan ń bọ̀ ní Sátidé, káàdì kámẹ́rà ti kún, kọ̀ǹpútà ti kún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn: iṣẹ́ tó bá ti dọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n á pa á rẹ́ kí òmíràn lè ráyè. Ó pa gbogbo èyí tí ojú màmá wà rẹ́, èyí tí ìrẹsì bò nìkan ló kù.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, màmá kú. Ọjọ́ kẹjọ ò tíì pé tí Kùdírátù fi wọlé, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, màmá kì í ya fọ́tò. Mi ò ní ẹyọ kan. Ẹ fún mi níbi tí wọ́n ti ń ṣàdúrà.”

Ọkọ mi bọ́ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá inú kọ̀ǹpútà, ó wá inú gbogbo káàdì, ó tún padà síbi tó ti wá tẹ́lẹ̀. Mo bínú sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Nígbà tó yá, ó ṣí èyí tó kù fún un.

Àpò ìrẹsì tò lórí ara wọn, nọ́ńbà Alhaji ń kọjá nísàlẹ̀, ohùn màmá sì ń jáde: “Kùdírá mi, Ọlọ́run á gbé ọ ga. Wò mí dáadáa. Ọjọ́ tí mi ò bá sí mọ́, ojú mi nìyí.”

Kùdírátù ní, “Àmín.” Ó nawọ́ sójú kọ̀ǹpútà, ó ń fi àtàǹpàkò nu àpò ìrẹsì náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e kúrò.”