Bèbí Tó Ń Sọ Èdè Tí A Kò Gbọ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fà á. Mo ra bèbí kan fún un nígbà ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó rí i, ó figbe ta, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò fẹ́ ẹ nítòsí. Wọ́n dá a padà fún mi. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá, mo ní n óò fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ṣùgbọ́n n kò ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Nígbà tó yá, mo rí òmíràn lọ́jà, aláwọ̀ dúdú tó wọ bàtà pupa. Mo ṣáà fẹ́ mọ irú ọwọ́ tó rán bàtà tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Mo rà á. Kí ọkọ mi tó fura, orí kọ́bọ́ọ̀dù ti kún.

"Ìyá Rọ́bà" ló ń pè mí. Kò bínú sí i. Ohun tí kò yé e ni pé mo lè jókòó ti bèbí kan fún odidi ìrọ̀lẹ́, kí n máa yí i síwá sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn náà. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo wà, ní ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́; kí n wo nǹkan títí n óò fi rí ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sanwó fún mi. Tí mo bá di bèbí mú, ìbéèrè ló máa ń gba ọkàn mi. Ọmọ ta ló kọ́kọ́ ni í? Ta ló gé irun rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀? Ta ló fi báírò kọ nǹkan sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀, kí ló sì fẹ́ kọ?

Ọwọ́ Àlàájà kan ni mo ti ń rà wọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́, ohun ìṣeré ọmọdé tó jẹ́ òkìríkà ló ń tà nínú Ọjà Ọba. Ẹgbẹ́ ni wá, a sì máa ń bá ara wa ṣàwàdà dáadáa. Bó bá ti tú béèlì, á ya àwọn bèbí sọ́tọ̀ sínú àpò kan dè mí. Nọ́ọ̀sì ló ń pè mí. Mo ti sọ fún un títí pé n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ó ní ẹni tó bá ti ń wọ aṣọ funfun ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ni.

Lọ́jọ́ kan mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àpò náà ti ṣófo.

"Àlàájà, àwọn bèbí mi dà?"

"Ẹnìkejì ẹ ti kó wọn lọ."

"Ẹnìkejì mi wo?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni orí ẹ gbóná ni? Màmá kan máa ń wá láti Oǹdó. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí o ṣe máa ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bèbí wò yẹn gan-an ni àwọn náà ń ṣe."

Ó ṣe mí bí ìgbà tí èèyàn gbọ́ pé òun ní ẹbí kan níbì kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun. Mo ní kí Àlàájà bá mi pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Màmá wá. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi okùn so awò ojú wọn kọ́ ọrùn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Kí n tó dìde, wọ́n ti bi mí bóyá mo máa ń fọ irun àwọn tèmi.

"Mo máa ń fọ̀ ọ́ mà, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọrun."

"Omi gbígbóná ńkọ́?"

"Rárá o mà."

"O káre. Èmi lo omi gbígbóná fún ọ̀kan rí, gbogbo irun náà lẹ̀ mọ́ra bí òwú tí iná jó."

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Màmá wá mú nǹkan kan jáde nínú báàgì wọn, tí wọ́n fi ìborùn wé. Bèbí kan ni, ó tóbi tó ọmọ tó ń rá, orí rẹ̀ pá, ojú rẹ̀ kan ń ṣí dáadáa, èkejì ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ojú ẹni tí oorun kò tíì dá.

"Tẹ ikùn rẹ̀," Màmá wí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọmọdé kan jáde, tínrín. Ó sọ gbólóhùn kan, ó dánu dúró, ó tún sọ òmíràn. Ohùn náà gbọ̀n díẹ̀ níparí.

"Kí ló sọ mà?"

"Ohun tó ń gbé mi lọ́kàn nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èyí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì."

"Kì í ṣe Lárúbáwá náà," ni Àlàájà sọ. "Mo lọ ilé kéú. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lórí àga onípákó nínú ṣọ́ọ̀bù, a ń tẹ ikùn bèbí, a ń tẹ́tí. Ibẹ̀ ni mo ti sọ pé bí a bá lè pàdé báyìí lójijì, àwọn mìíràn á ṣì wà. Màmá ní kí n wá wọn. Mo ya àwòrán àwọn bèbí mi, mo gbé e sórí Wáàsáàpù, mo kọ ọ́ sí i pé kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn bèbí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó jẹ́ ká pàdé. Ìdáhùn tó kọ́kọ́ wọlé jẹ́ ìwàásù. Ẹnì kan béèrè bóyá a máa ń gbàdúrà fún àwọn tó ń wá ọmọ. Ẹlòmíràn fẹ́ kí a ta kẹ̀kẹ́ ọmọdé fún òun. Ìkan ṣoṣo ló yàtọ̀: "Ṣé ọkùnrin lè wá?"

Mo ka èyí sétí Màmá lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ṣé bèbí bèèrè ohun tí ẹni tó gbé òun jẹ́ ni?"

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àdúgbò wa la gbà fún ọ̀sán Sátidé. Ọkùnrin náà wá. Ìgbàrà-Òkè ló ń gbé, báǹkì kan ní Àkúrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí a lọ̀ kanlẹ̀. Ó ṣí búùtù ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn bèbí tò sínú páálí níbẹ̀ bí ẹyin, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá.

"Inú búùtù ni wọ́n ń gbé?" mo bi í.

"Ìyàwó mi ò fẹ́ wọn nílé. Ó ní wọ́n máa ń wo òun bí òun bá ń sùn."

"Àbí wọ́n ń wò ó lóòótọ́?" Àlàájà bèèrè. Ọkùnrin náà rò ó wò díẹ̀, ó ní ọ̀kan wà tí òun kò lè fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Àlàájà ti ń pè é ní Ọ̀gá Báǹkì.

Bàbá tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn, àgbàlagbà oníwà pẹ̀lẹ́, ní àwọn yóò bá Màmá gbé páálí tí bèbí tó ń sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ wọlé. Wọ́n gbé e mọ́ àyà. Ó dá mi lójú pé apá wọn ló tẹ ikùn bèbí náà láti ìta páálí. Ohùn tínrín yẹn jáde. Bàbá dúró. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n di páálí náà mú sí i kó má bàa bọ́, ó tún sọ̀rọ̀. Háà! Ohun tí mo rí kẹ́yìn ni páálí nílẹ̀, ẹyọ bàtà wọn kan lẹ́nu ọ̀nà, àti ẹ̀yìn Bàbá tó ń lọ, tí wọ́n ń pe Jésù kíkan kíkan.

Àwọn akọrin tó ń ṣe ìgbáradì sáré jáde. Alàgbà kan tẹ̀ lé wọn. Ó rí àwọn bèbí tí a ti tò sórí tábìlì, kò jẹ́ kí a ṣàlàyé tán. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ẹrù yín kúrò níbí." A kó o. A dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú páálí wa nínú oòrùn, àwọn ọlọ́kadà ń dẹwọ́ eré láti wò wá.

Màmá jókòó lórí páálí kan. Ọmọ Áńgílíkà tí wọ́n bí sínú rẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ti kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. "Ọjọ́ orí mi yìí," ni wọ́n wí, ohùn wọn kò sókè, "ni wọ́n wá ń wò mí bí ẹni gbé òògùn wọ ṣọ́ọ̀ṣì." Èmi ni mo pe ìpàdé.

Ọ̀gá Báǹkì ló yọ fóònù rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń sọ ná," ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ ikùn bèbí, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní èèyàn lókè òkun la ń dà láàmú. Àbúrò Àlàájà tó ń ra ọjà ní Ṣáínà ní kì í ṣe ti ọ̀hún. Ẹnì kan ní Jámánì ní kì í ṣe tàwọn, ṣùgbọ́n ó jọ bí àwọn aládùúgbò òun ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́, dókítà kan sì ní àbúrò òun ń kàwé ní Pólàǹdì. Ọmọ náà gbé ohùn náà lọ sọ́dọ̀ ìyá onílé rẹ̀. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, èsì dé. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ nínú yàrá àyẹ̀wò, mo sì pa á mọ́ra, nítorí mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ.

Ilé Màmá ní Oǹdó la ti pàdé lẹ́ẹ̀kejì. Àlàájà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ torí rẹ̀. Ọkọ̀ Ọ̀gá Báǹkì la wọ̀, a gba Ọ̀wẹ̀nà kọjá, páálí wà lórí itan wa. Nígbà tí a jókòó tán ní pálọ̀, mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ohùn akẹ́kọ̀ọ́ náà jáde: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìyá onílé mi ní èdè àwọn ni. Wọ́n ní ohun tí bèbí náà ń sọ ni pé: Màmá, ẹ̀rù òkùnkùn ń bà mí. Ẹ má lọ, ẹ dì mí mú."

Àlàájà ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. "Súbúhánálláhì. Ẹ̀rù ló ń ba òun, òun la tún ń sá fún."

Màmá na ọwọ́, wọ́n gbé bèbí náà, wọ́n sì fi ìborùn pọ̀n ọ́n. Wọn kò fi ṣe àwàdà. Wọ́n pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìdáná, wọ́n pọ̀n ọ́n gbé dòdò àti ẹ̀wà wá fún wa. Bí a ṣe ń jẹun ni wọ́n sọ fún wa pé oko kòkó ní Bọ́lọ́rundúró làwọn dàgbà sí. Ṣùkù àgbàdo ni ìyá wọn fi ṣe bèbí fún wọn, ó fi òwú so aṣọ mọ́ ọn, ó fi èédú ya ojú sí i. Màmá gbé e sílẹ̀ kí wọ́n lè pọn omi. Kí wọ́n tó dé, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́.

"Ẹ sunkún mà?"

"Mo sunkún. Mo sì lé ewúrẹ́ náà wọ oko olóko. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nígbà náà ni bóyá ó dun bèbí náà." Wọ́n mú àmúga. "Mo ṣì fẹ́ mọ̀."

Màmá ló ní a gbọ́dọ̀ lọ sọ fún Bàbá gbọ̀ngàn. Èmi àti Màmá lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí báàgì Màmá, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ síwájú ara wọn. Mo jẹ́ kí fóònù sọ̀rọ̀. Bàbá tẹ́tí, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn tún un gbọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀rù òkùnkùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Nínú páálí tí mo dì mọ́ra yẹn? Òkùnkùn ló wà lóòótọ́." Wọ́n fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Ká ní ó sọ ọ́ ní Yorùbá ni, n kò ní jù ú sílẹ̀. Kò wá sí èyí tó ń sọ Yorùbá nínú gbogbo wọn?"

Èmi àti Màmá wo ara wa. Kò sí. A kò tilẹ̀ rò ó rí.

Bàbá bá wa bá alàgbà sọ̀rọ̀. Wọn kò fún wa ní gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n wọ́n fún wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ sì tẹ́ wa lọ́rùn. Àwọn èèyàn tuntun ti ń dara pọ̀. Tọkọtaya kan máa ń wá láti Ìlú-Àbọ̀ pẹ̀lú bèbí tí ọkọ fi igi gbẹ́. Bàbá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn a máa fetí sí wa. Ọ̀gá Báǹkì ti rí ẹ̀rọ kékeré kan rà tí a lè gba ohùn sí, tí a óò sì rán mọ́ ikùn bèbí kan kó lè sọ Yorùbá. Ohun tí yóò sọ ló dá wa dúró.

Àlàájà ní kó kọ́kọ́ kí èèyàn, nítorí ọmọ tí kò kí èèyàn kò ní ẹ̀kọ́. Màmá ní èdè Oǹdó ni kó sọ, kí àwọn ọmọ ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú mìíràn lè gbọ́ ọ. Mo ní Àkúrẹ́ ńkọ́, kó pe ilé ní ulé bí àwa ṣe ń pè é. Àlàájà ní ta ni yóò ra bèbí tó ń pe ilé ní ulé? Ọ̀gá Báǹkì ní kó kàn sunkún, ìyẹn kò ní èdè. Gbogbo wa pariwo lé e lórí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá fa ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ tí o máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè, sọ ọ̀rọ̀ kan sí i." Mo tẹ bọ́tìnnì, iná pupa tàn. Mo la ẹnu, ìbéèrè ló kún ọkàn mi, èémí mi nìkan ni ẹ̀rọ náà gbà sílẹ̀.