Òpin Eré Tí Mo Ń Ṣọ́

Kí n tó jókòó ni ara ti fu mí. Ọ́fíìsì obìnrin olóòtú eré tẹlifíṣàn tí mo lọ bá wà lókè ilé ìtajà kan ní Tina Junction, nílùú Jos. Kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kò sí àwòrán eré kankan lára ògiri rẹ̀, ó sì dojú fóònù rẹ̀ dé sórí tábìlì. Kí lèèyàn ń dojú fóònù dé fún, bí kò bá ń fi ká ohùn aláìmọ̀kan sílẹ̀? Mo fa àga mi sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ ó rí i pé mi ò pe obìnrin yìí ní "wọ́n", bẹ́ẹ̀ ó jù mí lọ dáadáa. Lójú rẹ̀, mo pè é ní Àǹtí, mo sì kúnlẹ̀ kí i. Nínú ìwé tèmi, inú mi ò tíì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní Jos ni wọ́n bí mi. Bàbá bàbá mi ló ti Ìlọrin wá, bàbá mi sì ń ta ànàmọ́ òyìnbó ní ọjà Farin Gada títí di òní. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé ní Dilimi, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe ni kí n máa kọ eré tẹlifíṣàn alápá púpọ̀, irú èyí tí gbogbo ilé máa ń dúró dè. Ìtàn kan péré ni mo ní. Bí wọ́n bá jí i, kò sí òmíràn.

Ìtàn náà dá lórí ilé ayálégbé kan. Ìyá onílé kú, àwọn ayálégbé dọ́gbọ́n sin ín, wọ́n sì panu pọ̀ pé ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó ò gbọdọ̀ gbọ́, kó má baà ta ilé mọ́ wọn lórí. Bí ọmọ bá pe fóònù, obìnrin aránṣọ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ni yóò gbé e, yóò wúkọ́ bí olóògbé ṣe máa ń wúkọ́, yóò sì dá a lóhùn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí débi pé mi ò rọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó nìkan ló mọ̀ pé mo ń kọ nǹkan. Òun ló fún obìnrin yìí ní nọ́ńbà mi nígbà tó ti Àbújá dé, tó ń wá ìtàn Jos kiri. Obìnrin náà ní kí n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Ojú ewé kan ni mo fi ránṣẹ́, ó sì ní kí n wá rí òun ní ọ́fíìsì.

Bàbá mi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa eré, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èèyàn.

"Ìfura loògùn àgbà," wọ́n ní. "Ṣé o rí i rí kí n tú àpò fún ẹni tí ò tíì nájà?"

Mi ò rí i rí. Ẹnu àpò ni wọ́n máa ń ṣí fún oníbàárà, níbi tí wọ́n to àwọn ńláńlá sí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìsàlẹ̀, kó kọ́kọ́ dá iye kan lé e.

"Ẹnu àpò ni kó o ṣí fún un," ni wọ́n wí. "Tó bá dá iye, wallahi, ìgbà yẹn ni kó o tó tú u."

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Òpin eré ni ìsàlẹ̀ àpò tèmi.

Iṣẹ́ yìí ní àṣà tirẹ̀. Wọn kì í kọ́kọ́ ka ìwé ẹni. Wọ́n á ní kó o jókòó, kó o fẹnu sọ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo ṣe jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀. Mo wúkọ́ bí ìyá onílé, mo fi ohùn aránṣọ sọ̀rọ̀, ara mi sì ń yá gágá. Fóònù gbọ̀n lórí tábìlì, obìnrin náà ṣí i. Ojú fóònù náà ti fọ́ wómúwómú. Ìyẹn náà ò tù mí nínú. Mo ní ẹni tí ojú fóònù rẹ̀ rí báyìí, níbo ló ti fẹ́ rówó ṣe eré? Mo bá ìtàn lọ títí dé ibi tí ọmọ onílé ti wọ mọ́tò ní Èkó, tó ń bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo panu mi dé.

"To, yaya ya ƙare?" ó bi mí. "Báwo ló ṣe parí?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé ná, Àǹtí."

Ó ti fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

"Haba, Àǹtí! Èmi ni mo kọ ọ́, mà."

"Ẹnì kan jókòó síbi tó o wà yẹn lọ́jọ́sí, ó rọ́ ìtàn dùn ju tìẹ lọ, kò mọ bó ṣe parí. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ti jí i. Gaskiya, kí n sọ òótọ́, mi ò fẹ́ wàhálà. Ta ló ni ín?"

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Èmi tí mo ń ṣọ́ olè ni wọ́n ń pè lólè! Mo dìde, mo gbàgbé ìmọ̀ràn bàbá mi, mo tú gbogbo rẹ̀ síta. Mo sọ fún un pé ọmọ náà ti mọ̀. Láti ìgbà àkọ́kọ́ tí aránṣọ ti gbé fóònù ló ti mọ̀ pé ìyá òun kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ń pè ṣáá, torí pé bí òun ò bá pè mọ́, a jẹ́ pé ìyá òun kú lóòótọ́. Nígbà tí mo máa fi sọ ọ́ tán, omi ti lé sí mi lójú.

Obìnrin náà mi orí sókè sódò. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, torí mo ti gbé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ó dáa," ó ní. "Ó dáa gan-an. Mo ti wá gbà pé ìwọ lo kọ ọ́. Apá kìíní nìyẹn. Kí ló wá kàn?"

"Ó ti parí, mà."

"Kò tíì parí o. Ìgbà tí ọmọ yẹn bá kanlẹ̀kùn leré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ló máa sọ fún aránṣọ? Ta ló máa kọ́kọ́ sá nínú àwọn ayálégbé? Apá méjìlá ni mo ń wá, o mú ẹyọ kan wá."

Mi ò ronú kọjá ibẹ̀ rí. Ṣíṣọ́ ni mò ń ṣọ́ ọ, mi ò kọ ọ́ síwájú mọ́. Ó ní tí mo bá rí ìyókù kí n padà wá, mo sì dúpẹ́. Títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ, àbí ó kàn ń lé mi lọ kó lè gbé e fún ẹlòmíràn kọ.

Mo gba Farin Gada lọ. Bàbá mi ń ṣa ànàmọ́ tó ti ń rà kúrò lára èyí tó dáa.

"Ṣé wọn ò jí i?" wọ́n bi mí.

"Wọn ò jí i, Bàbá. Wọ́n ní kí n lọ wá ìyókù wá."

"Alhamdulillahi!" Inú wọn dùn gan-an, wọ́n sì ti àpótí sí mi pé kí n jókòó. Mi ò lè jókòó. Ọkàn mi bàjẹ́. Ká ní wọ́n jí i ni, ǹ bá rẹ́ni bínú sí.